QI, CWM, EUOUAE: kí làwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń dẹ́rù bà wá nídìí Scrabble yìí túmọ̀ sí gan-an?

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tí ìyà ti jẹ mí bẹ̀rẹ̀. Níbí l'Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, Scrabble ti Faransé, eré tí à ń fi lẹ́tà to ọ̀rọ̀ sórí bọ́ọ̀dù, la ta dàgbà, látilé ìwé wá, nítorí náà nígbà tí bàbá kan láti Kétu, tó ti fìgbà kan jẹ́ tíṣà Gẹ̀ẹ́sì, kó wá sí àdúgbò wa tó sì gbé bọ́ọ̀dù tiẹ̀ jáde lálẹ́ ọjọ́ kan, mo rò pé eré kan náà ni, lẹ́tà kúkú ni lẹ́tà ń jẹ́. W bọ́ sí mi lọ́wọ́, mo fi pamọ́ bí ẹni fi góòlù pamọ́, mo ń wá ibi tó dáa fún un, torí nínú ti Faransé póìǹtì 10 ni W, 10 náà ni K, 10 náà ni Y. Mi ò tiẹ̀ wo nọ́ńbà kékeré abẹ́ rẹ̀, ojú mi ti mọ́ ọn jù. Ìgbà tí mo gbé e kalẹ̀ tí mo ń rẹ́rìn-ín ni bàbá ní kí n ka nọ́ńbà yẹn sókè. Mẹ́rin. Ẹ gbọ́ o, 4! Nínú ti Gẹ̀ẹ́sì, W 4, Y 4, K 5, àwọn lẹ́tà olówó iyebíye wọn Q àti Z ni, 10 ọ̀kọ̀ọ̀kan, J àti X tẹ̀lé e pẹ̀lú 8.

Kí n tó panu dé, bàbá gbé Q sórí àpótí búlúù tó dúdú yẹn, èyí tó máa ń sọ lẹ́tà kan di ìlọ́po mẹ́ta. I kan ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá fi I míì sí ọwọ́ ọ̀tún, ó ka QI lóròó, ó ka QI níbùú. Q 10 lọ́nà mẹ́ta, 30, I kan 1, 31, ìyẹn lẹ́ẹ̀mejì, 62. Lẹ́tà méjì péré ló ti ọwọ́ ẹ̀ jáde o. Mo ní irọ́ ni, mo ní bàbá ẹ má rẹ́ mi jẹ, níbo ni wọ́n ti ń kọ Q láìsí U lẹ́yìn ẹ̀? Ó ní kò burú, yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n tó bá wà níbẹ̀ ìwọ lo máa jókòó tí èmi á tún ta lẹ́ẹ̀kan sí i, bí a ṣe ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù. Ó wà níbẹ̀ kedere. Mo jókòó.

Ọjọ́ kejì mo ra kàyé kan. Ọ̀rọ̀ tí bàbá bá ti fi nà mí, màá béèrè ohun tó túmọ̀ sí, màá kọ ọ́ sílẹ̀, torí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀rọ̀ tí mo bá mọ ìtàn ẹ̀ kì í sá fún mi mọ́, àmọ́ èyí tí mo kàn há sórí lásán, ilẹ̀ ò ní í mọ́ tó fi máa lọ. Ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí, inú kàyé yẹn ló ti wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ póìǹtì, torí ibẹ̀ ló ń ru àwa tá a ń ti Faransé bọ̀ lójú. Ará Amẹ́ríkà kan, Alfred Butts, ayàwòrán ilé tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí ọrọ̀ ajé wọn dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn 1929, òun ló ronú eré yìí. Ó mú ìwé ìròyìn, ó ń ka lẹ́tà inú ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá pọ̀, ó fún un ní póìǹtì kékeré, èyí tó bá ṣọ̀wọ́n, ó gbé tiẹ̀ sókè. Ẹlòmíì, James Brunot, ló wá sọ ọ́ ní Scrabble ní 1948. Nítorí náà póìǹtì kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà, bí èdè ṣe ń lo lẹ́tà ni: àwọn Faransé ò fẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ fún W àti K, ló ṣe wọ́n, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ò lè sọ gbólóhùn méjì kí W má yọjú. E mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà nínú àpò ti Faransé, méjìlá ló wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Tí a bá ní ká ṣe ti Yorùbá, ẹ fojú inú wò ó, W á di póìǹtì 1, K á di 1, a ó ní láti gbẹ́ lẹ́tà kan fún GB lọ́tọ̀, ìjà tí a máa jà lórí àmì ohùn nìkan, ilẹ̀ á ṣú kí ẹnikẹ́ni tó ta.

Ó wá ku ìbéèrè tí gbogbo èèyàn ń bi mí: ṣé dandan ni kéèyàn mọ ìtumọ̀ ni? Rárá o. Òfin eré ò béèrè ìtumọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ti wà nínú díṣọ́nárì, ó parí. Ní 2015 ọkùnrin ará New Zealand kan, Nigel Richards, lọ sí ìdíje àgbáyé ti Scrabble Faransé ní Bẹ́ljíọ̀mù, kò gbọ́ Faransé, ó kàn fi nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án há àwọn ọ̀rọ̀ sórí ni, ó sì gba ife, ọmọ Gabon ló nà nínú àṣekágbá. Àwa tá a ti ń sọ Faransé látọjọ́ tí a ti wọ ilé ìwé, ìtìjú ni ìtàn yẹn jẹ́ fún wa, ẹ jẹ́ ká gbà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ irú orí yẹn, èèyàn mélòó ló ní in? Orí tèmi ń fẹ́ nǹkan tó máa dì mú.

Ohun tí kàyé yẹn sì kọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ abàmì ò sí níbì kankan. Ọ̀rọ̀ tó dà bí idán lójú wa, ẹnì kan wà níbì kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọjà ni lẹ́nu ẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ìyá ẹ̀ fi ń rán an níṣẹ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀ tí wọ́n gbé e sápò. QI yẹn, ti àwọn ará Ṣáínà ni, èémí ni, agbára tó ń rìn nínú ara tó ń mú èèyàn wà láàyè. Ẹ bá mi sọ ọ́ fún ìyá àgbà kan l'Àdjarra, á ní ṣebí ẹ̀mí lẹ ń wí, kí ló wá ṣòro níbẹ̀?

Ẹ wo àwọn Q tí kò ní U yòókù. Ọ̀pọ̀ wọn, èdè Lárúbáwá ni wọ́n ti wá, ìdí ẹ̀ sì ni pé Lárúbáwá ní lẹ́tà kan tí wọ́n ń pè ní qaf, tí ohùn ẹ̀ ń jáde láti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, kì í ṣe K tiwa yìí, K tiwọn wà lọ́tọ̀. Àwọn òyìnbó tó ń kọ èdè yẹn sílẹ̀ wá lo Q fún ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun, kí méjèèjì má baà dàrú mọ́ra wọn. Ẹni tó bá ti kéwú rí ti ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ́wọ́ láìmọ̀. QADI, adájọ́ Mùsùlùmí, 14. NIQAB, ìbòjú tó ṣẹ́ ku ojú nìkan síta, 16. TALAQ, ìkọ̀sílẹ̀ láàárín tọkọtaya, 14. SUQ, ọjà, 12. FAQIR, ẹlẹ́sìn tó fi ayé sílẹ̀ tó ń fi bárà jẹun, 17. QIBLA, apá ibi tí à ń kọjú sí kírun, 16, ìgbàkígbà tí mo bá sì kọjá níwájú mọ́sálásí ńlá ìlú wa, èyí tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ kọ́ tó fi dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì lójú àlejò, QIBLA ló ń sọ sí mi lọ́kàn, torí àlejò tí kò bá mọ̀, á rò pé pẹpẹ ni wọ́n kọjú sí. QAT náà wà níbẹ̀, ewé tí àwọn ará Yemen àti Ethiopia máa ń jẹ lẹ́nu títí ìrọ̀lẹ́, bí àwa ṣe ń jẹ obì. Àǹfààní ẹ̀ ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń kọ ọ́: QAT, KAT, KHAT, gbogbo ẹ̀ ló wọlé, ẹ lo èyí tí lẹ́tà ọwọ́ yín bá gbà.

Àwọn kékeré onílẹ́tà méjì ló ń gba eré là jù. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ Collins, ìyẹn díṣọ́nárì Scrabble tí wọ́n ń lò káàkiri ayé yàtọ̀ sí Amẹ́ríkà, 127 ni wọ́n nínú ti 2019, ṣùgbọ́n ẹ má dààmú ara yín, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ẹ ti mọ̀ ọ́n, àwọn tó ní Q, Z, X, J ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. QI nìkan ló ní Q. ZA, orúkọ tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà gé kúrò lára píísà, bí ebi ṣe ń pa wọ́n tó, wọn ò ní sùúrù láti pe ọ̀rọ̀ tán. ZO, ẹran tí màlúù àti yak jọ bí, yak ni màlúù onírun gígùn orí òkè Tibet; ẹ tún lè kọ ọ́ báyìí: DZO, ZHO, DSO, ó kù sọ́wọ́ yín. XU, owó ẹyọ tí wọ́n ń ná ní Vietnam nígbà kan rí. XI, lẹ́tà Gíríìkì kan. JO, bí àwọn ará Scotland ṣe ń pe olólùfẹ́ wọn, bẹ́ ẹ bá fẹ́ rántí ẹ̀, ẹ rò ó pé olólùfẹ́ leèyàn ń pè jó. KA, ti àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, ẹ̀dà èèyàn tí kò ṣeé fojú rí, tó wà pẹ̀lú ẹ̀ látìgbà tí wọ́n ti bí i, lójú tèmi ìyẹn ò jìnnà sí ohun tí àwọn àgbà wa ń pè ní ẹnìkejì. AI, ẹranko ọ̀lẹ kan báyìí ní gúúsù Amẹ́ríkà tó ń rọ̀ sórí igi ní gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀. AA, òkúta tí iná òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sílẹ̀ ní Hawaii, tó gbẹ tó rí ṣákaṣàka, ẹni bá fẹsẹ̀ lásán rìn lórí ẹ̀ á pariwo orúkọ ẹ̀. Ó sì tún dáa kẹ́ ẹ mọ èyí: V ò sí nínú ọ̀rọ̀ onílẹ́tà méjì kankan, tí ẹ bá ti rí V, ẹ tètè wá ọ̀nà gbé e sọnù.

Èyí tó ya àwọn ará ibí lẹ́nu jù ni ọ̀rọ̀ tí kò ní fáwẹ́ẹ̀lì. CWM. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ó dà bí ẹni pé ẹnì kan sín sórí bọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n èdè Welsh ni, èdè àwọn ará Wales, W sì jẹ́ fáwẹ́ẹ̀lì lọ́dọ̀ tiwọn, wọ́n ń pè é bí ù, nítorí náà CWM ń dún bíi kùùmù. Ihò ńlá tó rí bí abọ́ ní ẹ̀gbẹ́ òkè ni. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni CRWTH, kùrúùtù, ohun èlò orin olókùn ti àwọn ará ibẹ̀ kan náà, tó dà bíi gòjé. 10 ni CWM, 13 ni CRWTH, kí Ọlọ́run má jẹ́ ká ní in lọ́wọ́ ká má mọ̀.

Àwa Yorùbá gan-an la ò yẹ kó ya lẹ́nu, àwa tá à ń sọ "ń" nìkan tó sì dúró, tí ń jẹ́ ń, tí ò jẹ́ ò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà kó ariwo ẹnu wọn sínú díṣọ́nárì: BRR, ti òtútù, ẹ rò ó pé ọyẹ́ mú yín lórí zẹ́mì, ọ̀kadà ti ọ̀dọ̀ wa, láàárọ̀ kùtù. SHH, ẹ dákẹ́. HMM, ti ẹni tó ní nǹkan nínú tí kò fẹ́ sọ. PSST, ti ẹni tó ń pe ẹlòmíì ní kọ̀rọ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni TSK, 7, torí pòṣé ni! Pòṣé gan-an, èyí tí ìyá ẹni ń pa tó fi mọ̀ pé ó ti bọ́ sí i lọ́wọ́. Ẹ tiẹ̀ lè pa á lẹ́ẹ̀mejì, TSKTSK, wọ́n gbà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ́ ẹ, bàbá Kétu wò ó, ó pòṣé, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ó wà níbẹ̀.

Òdìkejì ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tó jẹ́ fáwẹ́ẹ̀lì nìkan, ẹ sì mọ̀ pé ó máa ń ṣẹlẹ̀, èèyàn á fa lẹ́tà méje, á rí i pé E, U, O, U, A, E ló kún orí igi rẹ̀, bí ẹni ń sunkún. Ó ní ọ̀rọ̀ kan tó gbé gbogbo wọn: EUOUAE. Mo bi bàbá léèrè pé orúkọ arùn ni tàbí kí ni, ó ní àwọn ìjọ Àgùdà ni kí n lọ bi. Òtítọ́ ni. Nígbà àtijọ́, tí àwọn mọ́ńkì bá ń kọ orin Sáàmù ní èdè Látìn, ìparí ẹ̀ máa ń jẹ́ "seculorum, amen", ìyẹn láé láéláé, àmín. Àyè ò sí nínú ìwé orin láti kọ gbogbo ẹ̀, wọ́n wá yọ fáwẹ́ẹ̀lì ìparí yẹn jáde, wọ́n tò ó sábẹ́ nóòtì: E, U, O, láti inú seculorum, U náà láti ibẹ̀, A àti E láti inú amen. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ìka tẹ̀ lé e, ẹ máa rí i. Póìǹtì 6 péré ni, kò lówó lórí, ṣùgbọ́n ó ń gbá ilé mọ́, èèyàn á tún fa lẹ́tà mẹ́fà tuntun.

Kí àwa ará Benin náà má kàn máa sunkún, Faransé tí a mọ̀ ní èrè tiẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀rọ̀ Faransé tọ̀hún tọ̀hún, tòun ti bí wọ́n ṣe ń pọ̀ sí i. EAU wọlé, 3, EAUX náà wọlé, ó sì fò dé 11 torí X. ROUX, JEUX, BEAUX, FAUX, BUREAUX, CHATEAUX, gbogbo ẹ̀ ni. Ọmọ Èkó tó ń bá yín ta lè má mọ̀ ọ́n, á yẹ̀ ẹ́ wò, á jókòó. Ẹ má ṣe gbàgbé pé bàbá kan fìyà èyí jẹ mí, èmi náà ní láti fi jẹ ẹlòmíì.

Ibi tí ẹ máa rẹ́rìn-ín dé báyìí. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ lọ tó jẹ́ pé tí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí bọ́ọ̀dù, Yorùbá lẹ máa kà níbẹ̀, ìtumọ̀ wọn sì máa ń kọjú ìjà síra wọn. IRE: lọ́dọ̀ wa oore ni, ohun tí à ń tọrọ láàárọ̀, lọ́dọ̀ wọn ìbínú ni. ERE: tiwa lè jẹ́ eré, ó lè jẹ́ èrè, ó lè jẹ́ ère, tiwọn, "kí ó tó" ni, ọ̀rọ̀ àwọn akéwì àtijọ́. AGA: tiwa ni ìjókòó, tiwọn, olóyè ológun ní Tọ́kì láyé àwọn Ottoman, ẹ sì lè sọ pé oyè àti àga ò jìnnà síra, èmi ò ní í bá yín jiyàn. OBI: tiwọn, ọ̀já fífẹ̀ tí àwọn obìnrin Japan ń dì mọ́ aṣọ kimono. EKE: tiwọn, kí èèyàn fa nǹkan kékeré gùn kó lè tó jẹ, tiwa ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ọ̀dàlẹ̀. OKE: ìwọ̀n kan ní Tọ́kì àtijọ́, ó lé díẹ̀ ní kílò kan, wọ́n tún ń pè é ní OKA, ẹni tó bá ti dé Ṣábẹ̀ẹ́ tó rí àwọn àpáta yẹn á mọ̀ pé òkè tiwa ò ṣeé gbé sórí ìwọ̀n. ODE: ewì tí wọ́n fi ń yin èèyàn tàbí nǹkan, ká sọ pé bí oríkì, tiwa lè jẹ́ òde, ó lè jẹ́ ọdẹ, ẹni inú ń bí sì lè fi bú yín. EWE: tiwọn ni abo àgùntàn, wọ́n sì ń pè é ní "yú", ìwà ìkà gbáà. Àwọn aládùúgbò wa ní Togo náà ń jẹ́ Ewe, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí tiwọn ló ṣe wọlé o, orúkọ ẹ̀yà, orúkọ ìlú, orúkọ èèyàn, òfin ò gbà á. Torí ẹ̀ náà ni YORUBA ò fi lè wọlé, mo ti gbìyànjú ẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan tọ̀dọ̀ wa dé ibẹ̀ gidi. VODUN wà níbẹ̀! Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gùn àti Fọ̀n fi ń pe òrìṣà, tí à ń gbọ́ l'Àjàṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́, ó wà nínú díṣọ́nárì Gẹ̀ẹ́sì, 9, wọ́n sì tún gba VODOUN, VODOU àti VOODOO, torí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti etíkun yìí ló gbé e lọ sí Haiti àti Louisiana, olúkúlùkù sì kọ ọ́ bó ṣe gbọ́ ọ. Ẹ rántí V tí mo ní kẹ́ ẹ gbé sọnù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé e sí. AKEE, 8, wọ́n tún lè kọ ọ́ ní ACKEE: ìṣin ni. Ìṣin tí à ń ká nílé! Ọkọ̀ ẹrú ló gbé e dé Jamaica, ó di èso orílẹ̀-èdè wọn, wọ́n ń fi ẹja oníyọ̀ sè é, wọ́n sì mọ̀ bí àwa náà ṣe mọ̀ pé èyí tí kò bá fúnra ẹ̀ là lórí igi, májèlé ni. BENI, 6, kì í ṣe orúkọ orílẹ̀-èdè wa tí N gé kúrò lẹ́yìn ẹ̀, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ni, yànmọ̀tí ni, ọ̀rọ̀ àwọn Mandinka tó bá àwọn ẹrú dé gúúsù Amẹ́ríkà. DASHIKI, dàńṣíkí, ẹ ka lẹ́tà ẹ̀: méje géérégé. Ẹni tó bá fi lẹ́tà méjèèje ọwọ́ ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, 50 ni wọ́n ń fi kún un, 15 ti dàńṣíkí fúnra ẹ̀ ní 65, kó tó kan àpótí aláwọ̀ kankan. Mi ò tíì rí i lọ́wọ́ rí. Mo ti fojú inú rí i tó.

Owó náà dùn. CFA ò wọlé, ìgékúrú ni, FRANC wọlé, 10. Ti Ghana, CEDI, 7. Ti Botswana, PULA, ó túmọ̀ sí òjò, ẹ ronú ibi tí omi ti ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ owó ní òjò. Ti Zambia, KWACHA àti ẹyọ ẹ̀ NGWEE, ẹni tó bá mọ "ńgbà" lè pe ìyẹn láìṣòro. NAIRA wọlé, 5 péré, gbogbo lẹ́tà ẹ̀ ló jẹ́ 1, 1. KOBO wọlé, ó sì jẹ́ 10! Èmi tí mo ń lọ ra ọjà ní Nàìjíríà gba Ìgólò, tí mo ń rí ohun tí náírà ń fojú rí, mi ò tíì rí ibòmíì láyé tí kọ́bọ̀ ti jẹ́ ìlọ́po méjì náírà, àfi orí bọ́ọ̀dù yìí.

Kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ jẹ́ kó yé ara yín díṣọ́nárì tí ẹ fẹ́ lò, torí ìjà tó wà níbẹ̀ ò kéré. Ti Amẹ́ríkà kéré sí ti Collins, EUOUAE àti ZO wà nínú Collins, àwọn ará Amẹ́ríkà ò gbà wọ́n. Nàìjíríà, Collins ni wọ́n ń lò, àwa náà ń tẹ̀ lé wọn. Ibẹ̀ sì ni Wellington Jighere ti dìde, ọmọ Nàìjíríà tó lọ sí Perth ní Australia lóṣù November 2015 tó di ọmọ ilẹ̀ Adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba ife àgbáyé Scrabble Gẹ̀ẹ́sì. 4 sí òdo ló na Lewis Mackay, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, nínú àṣekágbá. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé ni FELTY, 36 ló fi gbà. Ẹ má wò ó bí nǹkan ńlá: felt ni aṣọ tí wọn ò hun, irun àgùntàn tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n sì tẹ̀ pọ̀ títí ó fi dì, òun ni wọ́n fi ń ṣe àwọn fìlà òyìnbó, ohunkóhun tó bá wá rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, FELTY ni. Fìlà àwọn òyìnbó la fi nà wọ́n.

Èmi ṣì wà lórí pẹ́rẹ́sẹ́ báyìí. Lálẹ́ àná iná lọ, a tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ó ku lẹ́tà mẹ́ta lọ́wọ́ mi, O, L, E, mo tẹ́ OLE, igbe tí àwọn ará Spain ń ké tí màlúù bá kọjá lára ẹni tó ń bá a jà. Bàbá ní kí n pè é sókè kí òun kọ póìǹtì sílẹ̀. Mo pè é. Ìyàwó bàbá jáde láti ẹ̀yìnkùlé tòun ti ọmọ odó lọ́wọ́, ó ní, "Níbo ló gbà?"